Ehoro: inú ilé ni tàbí ẹ̀yìnkùlé? Sùúrùlérè ni ilé wa wà

BàbáÌbejì_Sùúrùlérè:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A fẹ́ gba ehoro kan fún àwọn ọmọ, abo, ọmọ oṣù mẹ́ta, irú New Zealand White tó funfun báláú. Kì í ṣe fún ìkòkò ọbẹ̀ o, ẹran ọ̀sìn ilé ni, a sì fẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ibi tí a ó fi í sí ló ń rú wa lójú.

Báyìí ni ilé ṣe rí. Fúláàtì oníyàrá méjì ni, òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, páànù ló wà lórí wa, sílíǹgì wà lábẹ́ rẹ̀. Táìsì ni gbogbo ilẹ̀. Bákónì tó wà níwájú pálọ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Nísàlẹ̀, àgbàlá tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò wà, igi máńgòrò kan sì wà níbẹ̀ tí ibòòji rẹ̀ dára gan-an. Ṣùgbọ́n ajá aládùúgbò a máa rìn káàkiri lálẹ́, nínú oṣù kẹfà omi a sì máa dúró lẹ́yìnkùlé títí dé kókósẹ̀. Lándílọ́ọ̀dù ti gbà. Káfíńtà ti ní òun á kan àgò tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2.

Èyí tí mo ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ìlú òyìnbó ló pọ̀ jù: wọ́n ní inú ilé ni kó wà nítorí òtútù àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Òtútù kì í ṣe ìṣòro wa, n kò sì gbọ́ ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní àdúgbò yìí rí. Àwọn tó ń sin ehoro tà nílẹ̀ wa, ìta ni tiwọn ń gbé. Èwo ni ká ṣe? Bó bá sì jẹ́ inú ilé ni, kí la ó ti ṣe ti òórùn ìtọ̀ àti wáyà iná sí?

ÌyáEhoro_Yaba:

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Ó dára tí ẹ béèrè kí ẹran tó wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ inú àti ìta sílẹ̀ ná. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wá ni ibi tó tutù jù nínú gbogbo ọgbà yín ní agogo 2 ọ̀sán, nínú oṣù kejì àti ìkẹta. Ibẹ̀ ni ilé ehoro, ì báà jẹ́ ìdí balùwẹ̀, ì báà jẹ́ abẹ́ igi. Òtútù ni òyìnbó ń sá fún. Ooru ló ń pa ehoro l'Ékòó.

Ehoro kì í làágùn. Etí gígùn yẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ lára: bí ooru bá mú un, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ lọ sí etí, àwọn iṣan ibẹ̀ á fẹ̀, ooru á sì gbabẹ̀ jáde. Díẹ̀ tó kù, imú ló ń gbà jáde pẹ̀lú èémí. Bí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá, ó wà láàárín 38.5 sí 40°C, afẹ́fẹ́ tó sì bá a lára mu jù ni 15 sí 22°C. Ẹ wo ọ̀sán wa níhìn-ín: nǹkan bí 28 ni nínú oṣù kẹjọ tó tutù jù, ó sì ń sún mọ́ 33 ní oṣù kejì àti ìkẹta. Ìyẹn ni pé kò sí oṣù kankan tí ọ̀sán Èkó bá ehoro lára mu délẹ̀délẹ̀. Bó bá ti kọjá 28, ó ti ń ni í lára. Bó bá kọjá 30, tí atẹ́gùn kò sì fẹ́, ewu ti dé. Ohun tó tún mú tiwa le ni pé afẹ́fẹ́ Èkó kún fún omi, èémí tó yẹ kó tu ẹran lára kì í gbẹ kíá, bí aṣọ tí a sá lọ́jọ́ òjò.

Nítorí náà, ẹ ra tẹmómítà ara ògiri, kì í ṣe ti ẹnu. Ẹ gbé e sí gíga tí ehoro máa wà, ìyẹn nǹkan bí ìka ọwọ́ kan sókè ilẹ̀, kì í ṣe gíga ojú tiyín. Ẹ wò ó ní bákónì, ní pálọ̀, ní pásééjì àti lábẹ́ igi. Agogo 8 àárọ̀, 2 ọ̀sán, 5 ìrọ̀lẹ́, 9 alẹ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹ má tan fáànù, torí NEPA kò ní bá yín dá májẹ̀mú. Ẹ má fo ti agogo 9 alẹ́: òkè ilé tó wà lábẹ́ páànù máa ń mu ooru lọ́sàn-án, á wá máa tú u sílẹ̀ lálẹ́ nígbà tí ìta ti tutù. Ilé bẹ́ẹ̀ lè gbóná ju abẹ́ igi lọ.

Bákónì tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ pátápátá. Láti agogo 3 sí 6 oòrùn á máa wọlé tààrà, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ṣì gbóná lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń jẹun alẹ́.

Kí ẹ mọ àmì rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ehoro bá na ara gbalaja nìkan, ó lè jẹ́ pé ó ń gbádùn ni. Ṣùgbọ́n bí etí bá gbóná, tó pọ́n, tí ihò imú ń ṣí tó ń pàdé kíákíá, ooru ti ń ṣe é. Bó bá la ẹnu mí, tàbí tí itọ́ rin abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó ti le gan-an, torí imú nìkan ni ehoro fi ń mí, kò dà bí ajá. Ẹ gbé e lọ síbi tó tutù, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi ẹ̀rọ lásán nu etí rẹ̀ níwájú lẹ́yìn, ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹ rin àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ wá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ẹ má rì í bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì da omi áísì sí i: iṣan etí á sún kì, ooru á há sínú, ẹran lè gbabẹ̀ kú. Ẹ má fi tipátipá rọ ọ́ lómi, á lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Fún ọjọ́ ooru lásán, ẹ bu omi sínú ike onílítà 1.5, kó má kún ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ kó má baà bẹ́, ẹ mú un dì nínú fíríìsà, ẹ fi aṣọ pélébé wé e, ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ehoro. Fúnra rẹ̀ ni yóò lọ fara tì í. Ike méjì ni kí ẹ ní, kí ọ̀kan máa dì bí èkejì ṣe ń yọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn a máa sọ pé kí ẹ fi àpò tútù bo àgò. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ó ṣiṣẹ́. Nínú oṣù kẹta tí atẹ́gùn dákẹ́, omi lẹ ń fi kún omi, àgò á rin, imú ehoro á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún.

KáfíńtàÀgò_Mushin:

Mo bá Ìyá Ehoro gbé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìta, kí ẹ lè mọ iye iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó yàn.

Àkọ́kọ́, ẹ dá káfíńtà yẹn dúró. Ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 2 kéré. New Zealand White tó bá dàgbà máa ń wọn kílò 4 sí 5. Ehoro gbọ́dọ̀ lè fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra kí imú rẹ̀ tó kan igi, kó sì lè dìde dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kí etí rẹ̀ má ká. Ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn, 2 àbọ̀ ní fífẹ̀, 2 àbọ̀ ní gíga ni mo máa ń sọ fún àwọn tó fẹ́ kó pẹ́, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ jáde fún wákàtí 3 tàbí 4 lójúmọ́. Èyí tó bá ń gbé inú àpótí tọ̀sán tòru, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ á rọ, ikùn rẹ̀ kò sì ní ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹsẹ̀ àgò: tú-báì-tíríì, kó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Omi oṣù kẹfà tí ẹ sọ yẹn kò ní dé ibẹ̀, ajá kò sì ní rí ọ̀nà fi imú ti ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á dúró nínú agolo ńlá tí ẹ bu omi sí, ẹ wá ro ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí mẹkáníìkì ń dà nù lé e lórí. Nítorí ìjàlọ ni. Ìjàlọ kì í kan ilẹ̀kùn. Òru ọjọ́ òjò ló máa ń wá, bó bá sì bá ehoro nínú àgò tí kò ti lè sá, kò ní ku ẹran kankan lára rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló máa ń ba ẹ̀tàn agolo yìí jẹ́: òjò á kún inú rẹ̀, ọ́ìlì tó léfòó á sì ṣàn lọ, ewé tàbí ẹ̀ka kan á kan àgò láti ẹ̀gbẹ́, àwọn èèrà á gbabẹ̀ bí afárá, tàbí kí onílé bu omi nìkan láìsí ọ́ìlì, tó wá di ibi tí ẹ̀fọn ń pamọ sí. Ẹ gé ike bọ́kẹ́ẹ̀tì fọ́ọ́, ẹ fi ṣe agbòjò kékeré yí ẹsẹ̀ àgò ká lókè agolo, ẹ sì máa wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Nẹ́ẹ̀tì: ẹ má gbà kí káfíńtà lo nẹ́ẹ̀tì adìyẹ tí ihò rẹ̀ rí bí afárá oyin. Ajá á ya á, ehoro náà á jẹ ẹ́, èkúté á sì gba ihò rẹ̀ wọlé. Èyí tí wọ́n jó pọ̀ ni kí ẹ rà, tí ihò rẹ̀ jẹ́ ìdajì íńṣì, kí ejò má lè kọjá. Ilẹ̀ àgò, pákó ni kó jẹ́ níbi tó pọ̀ jù, kí nẹ́ẹ̀tì wà ní igun kan tí ìtọ̀ á ti máa jò. Bó bá jẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ilẹ̀, ara wúwo kílò 4 yẹn á máa tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ irin, irun ibẹ̀ á pá, egbò á yọ lẹ́yìn ẹsẹ̀, egbò yẹn kì í sì í jinná bọ̀rọ̀. Pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn, kó má wà níbi tí eyín ehoro lè dé. Ìta ẹsẹ̀ àgò nìsàlẹ̀ ni ẹ lè kùn, kó sì gbẹ dáadáa kí ẹran tó wọ̀ ọ́.

Òrùlé ni ọ̀pọ̀ káfíńtà ti máa ń ṣìṣe. Wọ́n á kan páànù mọ́ orí àgò gbàgà, ehoro á wá wà nínú ohun tí kò yàtọ̀ sí ààrò. Páànù á wà lókè, àyè tó tó ìwọ̀n 10 sẹ̀ǹtímítà á wà lábẹ́ rẹ̀ tí atẹ́gùn á máa gbà kọjá, páláìwúùdù á wá jẹ́ sílíǹgì. Kí páànù yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà kan yíká, kó tẹ̀ sẹ́yìn. Gígùn àgò, láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn ni kí ẹ tẹ́ ẹ, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má ráyè wọ iwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó kọjú sí gúúsù, torí láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni òjò ti sábà ń fẹ́ wá.

Igi máńgòrò yín dára fún ibòòji, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nínú oṣù kẹta sí ìkarùn-ún máńgòrò á máa já lu páànù, gbì, láàárín òru. Ehoro máa ń fò fẹ̀rẹ̀ bí ìró bá dé lójijì, ó sì lè fi ẹ̀yìn gbá igi tó máa fi dá egungun. Ẹ sún àgò kúrò lábẹ́ ẹ̀ka tó ń so.

ỌgbàEhoro_Ìkòròdú:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú o, ẹ ń dẹ́rù ba ọ̀gbẹ́ni yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo oko ehoro tó wà láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ìta ni wọ́n wà, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń sanra. Ẹran tó ti mọ́ ooru lára ni. Ẹ gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ fún un lóúnjẹ, ó parí.

ÌyáEhoro_Yaba:

Ọ̀gá Ìkòròdú, òótọ́ lẹ sọ nípa oko, ṣùgbọ́n oko yàtọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé Sùúrùlérè. Ilé ehoro lóko, òrùlé rẹ̀ ga, ògiri rẹ̀ kò ju ìdajì lọ, atẹ́gùn ń gba ọ̀tún bọ́ sósì, ẹnìkan sì wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́ tó ń wo ojú wọn. Ní ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò mẹ́jọ, ọgbà ti dí, ìyá àti bàbá ti lọ síbi iṣẹ́, agogo 7 alẹ́ ni wọ́n tó padà nítorí gó-sílóò. Ta ló máa rí i ní agogo 2 pé ó ti la ẹnu mí?

Èkejì, ehoro tí wọ́n ń tà fún ẹran kì í ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ kó tó kúrò lóko. Èyí tí àwọn ọmọ Bàbá Ìbejì fẹ́ mú tọ́ lè lo ọdún 8 sí 12. Ìnira tí ẹran oṣù mẹ́ta lè fara dà, kò yẹ ká gbé e lé ẹran ọdún mẹ́wàá lórí. Mo sọ èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀gbọ́n.

ỌgbàEhoro_Ìkòròdú:

Ọ̀rọ̀ pé kò sẹ́ni nílé lọ́sàn-án yẹn, mo gbà á. Bí kò bá sẹ́ni nílé, kó wà nínú ilé.

BàbáÌbejì_Sùúrùlérè:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti wọn ọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta báyìí. Ní agogo 2: bákónì 35, pálọ̀ 32, pásééjì tó wà láàárín balùwẹ̀ àti kíṣìnnì 30, abẹ́ máńgòrò 31. Ní agogo 5 bákónì ti di 38. Ní agogo 9 alẹ́: pálọ̀ ṣì wà ní 31, pásééjì 29, abẹ́ igi 27. Fèrèsé kékeré kan wà ní pásééjì tó kọjú sí àríwá. Bàtà wa la máa ń tò síbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wa sì wà ní bákónì kíṣìnnì.

SìdíEhoro_Ìsàlẹ̀Èkó:

Bàbá Ìbejì, ẹ ti dá ara yín lóhùn. Pásééjì ni. Ẹ kó bàtà kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n 30 ṣì ga, nítorí náà ike áísì àti fáànù oníbátìrì á máa ṣiṣẹ́ láti agogo 12 sí 5 nínú àwọn oṣù tó gbóná. Kí fáànù fẹ́ kọjá lórí rẹ̀, kó má kọjú sí i ní imú.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ti jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Èéfín rẹ̀ tó bá wọ inú ilé láti bákónì ń pa èèyàn, ehoro tó kéré kò ní dúró dè yín. Ẹ gbé e sísàlẹ̀, jìnnà sí fèrèsé gbogbo. Nítorí àwọn ọmọ gan-an ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Fún inú ilé, ẹ má ra kéèjì kankan. Ẹ ra ọgbà onírin tó ń ká, èyí tí wọ́n ń fi há ọmọ ajá mọ́, abala mẹ́jọ, kí gíga rẹ̀ tó 80 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ lè fà á gùn kó bá pásééjì mu. Táìsì lásán kò dára fún ehoro, torí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní awọ líle bíi ti ológbò, irun ni. Bó bá fẹ́ sáré, ẹsẹ̀ á yà síra, ìbàdí á sì máa dùn ún. Ẹ tẹ́ ẹní olókùn tàbí ẹní eèsún sí ibi tó pọ̀ jù, kódà bó bá jẹ ẹ́, kò séwu. Ẹní ọ̀rá ni ẹ kò gbọ́dọ̀ tẹ́: bí ọ̀rá bá wọ ikùn, kò lè pọ̀ ọ́, torí ehoro kì í bì. Ṣùgbọ́n ẹ fi táìsì méjì sílẹ̀ láìtẹ́ nǹkan sí i. Ẹ máa rí i ní ọ̀sán, ibẹ̀ ni yóò lọ fi ikùn lé.

Wáyà iná: ehoro kì í bínú sí wáyà. Nínú igbó, gbòǹgbò tó bá dí ọ̀nà rẹ̀ ló máa ń gé, wáyà sì jọ gbòǹgbò lójú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kas, ó ti já. Ẹ ra páìpù PVC tí àwọn oníná ń lò, ti 20 mílímítà, ẹ fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ẹ ki wáyà sínú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀síténṣọ̀n, ẹ gbé e kọ́ sókè, kó ju mítà kan lọ. Ṣájà fóònù ni ẹ máa gbàgbé jù, nítorí ó máa ń rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Eyín iwájú ehoro ń gùn ní nǹkan bíi mílímítà 2 sí 3 lọ́sẹ̀, nítorí náà yóò jẹ nǹkan dandan. Ẹ fún un ní ẹ̀ka gúrọ́fà tútù kó rí èyí tó yẹ jẹ.

Ti òórùn, mo fẹ́ kí ẹ fọkàn balẹ̀. Ehoro fúnra rẹ̀ ló ń yan igun kan tó fi ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yàn án fún ọjọ́ méjì, ẹ wá gbé báfù ike pẹlẹbẹ síbẹ̀, tó gùn tó 40 sẹ̀ǹtímítà, tí etí rẹ̀ ga ní 10 sí 12. Ẹ tẹ́ pépà ìròyìn sísàlẹ̀ nípọn, ẹ da koríko gbígbẹ lé e, ẹ wá so koríko tó máa jẹ mọ́ ògiri lókè báfù gan-an. Bó ṣe ń jẹ ni ó ń yàgbẹ́, ibi kan náà ló fẹ́ ṣe méjèèjì sí. Ẹ kó o dà nù lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ kejì. Sọ́ọ̀dọ́ọ̀sì kíkúnná, ẹ fi í sílẹ̀, á máa wọ imú rẹ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ máa ń fi nǹkan funfun bí ẹfun sílẹ̀ nínú báfù; fínígà ló ń ká a kúrò. Ẹ má da jíìkì sí ojú ìtọ̀ rárá, méjèèjì bá pàdé, wọ́n á gbé èéfín olóró jáde nínú pásééjì tóóró yẹn.

Bí ìtọ̀ bá pọ́n nígbà mìíràn, ẹ má fòyà, oúnjẹ ló sábà ń fà á. Ìtọ̀ tí ẹ rí tí ẹ̀jẹ̀ dì nínú rẹ̀ ní tòótọ́ ni kí ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Bó bá pé oṣù mẹ́fà, tí ara rẹ̀ ti dàgbà, ẹ wá dókítà ẹran tó ti yọ ilé ọmọ ehoro rí, kí ẹ bi í léèrè tààrà pé mélòó ló ti ṣe. Abo tí wọn kò bá yọ ilé ọmọ rẹ̀, jẹjẹrẹ máa ń mú un níbẹ̀ púpọ̀ bó bá ti ń di ọdún mẹ́rin. Bí dókítà bá ní kí ẹ febi pa á láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹ mú ẹran yín padà sílé. Ajá àti ológbò ni wọ́n ń febi pa kí wọ́n má baà bì. Ehoro kì í bì, ikùn rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dúró.

DókítàẸran_Ọbáléńdé:

Mo kí gbogbo yín. Ìdáhùn yín dára, mo kàn fẹ́ fi ohun tó ń pa ehoro inú ilé lẹ́yìn ooru kún un, ìyẹn oúnjẹ àti oògùn.

Koríko ni oúnjẹ ehoro. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì inú àpò jẹ́ àfikún lásán, gíráàmù 25 fún kílò ara kan lójúmọ́ ti tó fún èyí tó bá ti dàgbà. Tiyín tó jẹ́ oṣù mẹ́ta lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Koríko gbígbẹ tó dára kò wọ́pọ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n ẹ lè ṣe é fúnra yín: ẹ gé eèsún tí kò tíì gbó tàbí gínì gíráàsì, ẹ tẹ́ ẹ tínrín sínú oòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ máa yí i padà, kí ẹ máa kó o wọlé lálẹ́. Ó ti ṣetán bí ẹ bá lọ́ ọ tó dún ṣáká tó sì ń rùn dídùn bíi tíì. Bó bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, olú ti wọ̀ ọ́, ẹ dà á nù. Ewé yúnyún, gbúre, ewé kúkúndùnkún, gbogbo rẹ̀ dára. Ẹ jẹ́ kó rọ díẹ̀ kí ẹ tó fún un. Ewé píà àti àlùbọ́sà, májèlé ni. Ewé kábéèjì tí wọ́n ń bọ́ dà nù ní Mile 12, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kó má sì pọ̀, torí ó máa ń mú ikùn wú. Koríko ẹ̀bá títì, èéfín mọ́tò àti ìtọ̀ ajá ló kún inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fín oògùn apakoríko sí kì í sì í fi àmì hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bí ehoro bá lo wákàtí 12 láìjẹun, láìyàgbẹ́, pàjáwìrì ni, kì í ṣe ohun tí ẹ ó fi di ọ̀la. Ikùn rẹ̀ ti dúró nìyẹn. Ìgbẹ́ ni kí ẹ máa wò láràárọ̀: kó rí róbótó, kó gbẹ, kí wọ́n dọ́gba. Bó bá ti ń kéré sí i, nǹkan ń bọ̀. Èyí tó rọ̀ tó dà bí èso àjàrà, tí ẹ bá rí i tó ń jẹ ẹ́ padà láti ìdí rẹ̀, kò ṣìṣe, oúnjẹ rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ oògùn wá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tú kápúsù amoxicillin tàbí Ampiclox inú ilé sí ẹnu ehoro. Ó máa ń pa kòkòrò rere inú ikùn rẹ̀, èyí tó burú á gbilẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, kò sì ní pẹ́ kú. Oògùn eégbọn ajá tí wọ́n ń ro sí ẹ̀yìn ọrùn, èyí tó ní fipronil nínú, ń pa ehoro pẹ̀lú. Kúrúnà, èyí tí ẹ ó rí bí èèpá funfun ní imú, ní etí àti láàárín ìka ẹsẹ̀, ivermectin ló ń wò ó, ṣùgbọ́n ti màlúù ló wọ́pọ̀ lọ́jà, ó sì le. Ní ìwọ̀n mílígíráàmù 0.2 fún kílò kan, ehoro kílò 2 kò nílò ju mílílítà 0.04 ti oògùn 1% lọ. Ìkán omi kan ni. Abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì nìkan ló lè wọn irú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú wọ̀n ọ́n á fún un ní ìlọ́po mẹ́wàá láìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà fún un, kó sì tún un fún un lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14, torí ẹyin kòkòrò náà kì í kú lẹ́ẹ̀kan.

Àrùn ehoro kan tún wà tí wọ́n ń pè ní RHD (rabbit haemorrhagic disease), tó wọ Nàìjíríà ní 2020. Ehoro tó jẹun lálẹ́ lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì sí oògùn rẹ̀. Bàtà, eṣinṣin àti koríko ló ń gbé e. Èyí ni ìdí mìíràn tí mo fi fara mọ́ inú ilé: ẹ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ má gé koríko níbi tí ehoro ẹlòmíràn ti ń jẹ̀.

BàbáÌbejì_Sùúrùlérè:

Kí Olódùmarè san án fún yín. Ó ti di inú ilé nìyẹn. Ṣé a kò wá ní gbé e sọ̀kalẹ̀ rí ni? Àwọn ọmọ fẹ́ kó máa tẹ koríko.

SìdíEhoro_Ìsàlẹ̀Èkó:

Ẹ lè gbé e sọ̀kalẹ̀. Agogo 6 àbọ̀ sí 8 àárọ̀, lábẹ́ máńgòrò, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ díẹ̀. Ẹ lo ọgbà onírin kan náà, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo orí rẹ̀ torí àṣá, kí àgbàlagbà kan jókòó tì í títí ẹ ó fi gbé e wọlé, kí ajá sì wà lórí ìdè. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án: wọn kò gbọ́dọ̀ fi etí gbé e. Ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, èkejì lábẹ́ ìdí, kó fara mọ́ àyà ẹni tó gbé e. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ń rọ̀ láìsí ohun tó gbà á, ó lè ta ìpá kó sì dá ẹ̀yìn ara rẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀, kó fúnra rẹ̀ wá bá wọn.

Ní Kérésìmesì, bí wọ́n bá ti ń yin bángà, ẹ gbé e sí yàrá tó wà ní àárín ilé, ẹ ti fèrèsé, ẹ fi aṣọ bo ìdajì ọgbà rẹ̀, kó ní ibi tí á sá sí.

KáfíńtàÀgò_Mushin:

Ohun kan kù. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ mú un, ẹ lọ ní kùtùkùtù kí agogo 8 tó lù. Ẹ má gbé e sínú páálí tí ẹ kàn lu ihò méjì sí, ẹ má sì gbé e sí búùtù mọ́tò. Apẹ̀rẹ̀ ike tí wọ́n fi ń kó tòmátì dára, ẹ fi òmíràn dé e lórí, ẹ fi okùn so wọ́n pọ̀, ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sínú kó má máa yọ̀. Ẹ fi koríko tó mọ̀ láti ilé àkọ́kọ́ sí i, kí ẹ sì gba oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Ọjọ́ méje ni kí ẹ fi pa oúnjẹ àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun díẹ̀díẹ̀, torí ikùn rẹ̀ kì í gba àyípadà òjijì. Bó bá dé, ẹ fi í sílẹ̀ nínú pásééjì láti àárọ̀ títí di ọjọ́ kejì láìgbé e. Omi nínú abọ́ wúwo, koríko, báfù. Kí àwọn ọmọ máa wò ó láti ẹnu ọ̀nà.